Ẹni Tí Kì Í Kánjú Ló Lè Gba Gbogbo Rẹ̀

Àbúrò mi, kò sí ìran kan tí kì í ní ohun olómi tí wọ́n gbà pé inú rẹ̀ ni agbára ń gbé. Nígbà tiwa, bí ènìyàn bá lọ kí aláìsàn ní ọsibítù tí kò gbé Lucozade dání, ojú ahun ni àwọn ẹbí aláìsàn yóò fi wò ó títí yóò fi dìde lọ. Ìgò ńlá ni, ọ̀rá pupa rúsúrúsú ni wọ́n fi ń wé e, ẹni tó gbé e wá á sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kò ti ní ṣàìrí i. Apoògùn kan tó ń jẹ́ William Walker Hunter ló pò ó ní ìlú Newcastle ní 1927, fún àwọn tí àìsàn ò jẹ́ kí oúnjẹ lè gba ọ̀fun wọn kọjá. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, àwọn tó ni ọjà náà rò ó títí, wọ́n rí i pé aláìsàn kò pọ̀ tó ẹni tí ara rẹ̀ le, ni wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ aláìsàn, wọ́n gbé e fún eléré ìje. Ní 2017, nígbà tí ṣúgà ti di ọ̀tá aráyé, wọ́n yọ ju ìdajì ṣúgà inú rẹ̀ dànù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ nítorí ṣúgà yẹn gan-an ni wọ́n ṣe pò ó níjọ́ kìíní. Láti ọwọ́ aláìsàn dé ọwọ́ eléré ìje, orúkọ ò yí padà. Ọmọ aráyé ló ń yí.

Ó ti wá kan ẹ̀yin báyìí. Tiyín ni agolo tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń mu lálẹ́ tí ìdánwò bá ku ọ̀la, àti gúlúkóòsì inú agolo tí ẹ ń fi ṣíbí bù sẹ́nu ní gbígbẹ, tí yóò máa tutù lórí ahọ́n yín, tí ẹ ó sì máa wí pé ọpọlọ ti ṣí. N kò bá yín jà. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nínú gbogbo àwọn tó ń mu ún, àtàwa àtẹ̀yin, àtaláìsàn àteléré ìje, n kò rí ẹnì kan kí ó dá ṣíbí dúró lókè kí ó bèèrè pé: iṣẹ́ tó tó báwo gan-an ló wà nínú èyí tí mo bù yìí? Iye owó rẹ̀ là ń bèèrè, a tún máa ń ná an.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfọ̀ṣẹ. Ó ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901. Ènìyàn lè jókòó ti bébà àti gègé kí ó ṣírò rẹ̀ láì fi ọwọ́ kan ṣúgà rárá. Ṣùgbọ́n máa bá mi bọ̀ díẹ̀díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ irú èyí tí a gbọ́dọ̀ yí ká kí á tó mọ ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà.

Bu ṣúgà sínú ṣíbí irin, gbé e lé orí iná èédú. Á kọ́kọ́ yọ́, á mọ́ gaara, á wá pọ́n, òórùn rẹ̀ á sì máa ta sánsán débi pé ọmọdé tó wà lójúde á wọlé wá wo ohun tí à ń sè. Lẹ́yìn náà á dúdú, á hó, á wú, á rú èéfín tó ń ta ni lójú. Bí iná bá ká a mọ́ dáadáa, á gbiná, á jó títí kò fi ní ku nǹkan kan bí kò ṣe àbàwọ́n lára ṣíbí. Bí ó bá jó tán pátápátá, òun àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti di nǹkan méjì péré: omi, àti kábọ́ńdáókísáìdì tí ìwọ náà ń mí síta nísinsìnyí bí o ti ń kàwé mi. Bí ó bá jẹ́ gúlúkóòsì ni, tí a sì jó gíráàmù 180 rẹ̀ báyìí, ooru tí yóò mú jáde á tó nǹkan bí kìlójúùlù 2,800. Iṣẹ́ ńkọ́? Òdo. Kò gbé nǹkan kan sókè, kò ti nǹkan kan síwájú. Ṣíbí gbóná, ìka rẹ jó, ọ̀rọ̀ parí.

Ó yá, má jó o mọ́, jẹ ẹ́. Omi yẹn náà àti kábọ́ńdáókísáìdì yẹn náà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀ nínú ara rẹ, ẹni tó bá sì wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti òpin rẹ̀ nìkan kò ní mọ èyí tó gba inú iná kọjá yàtọ̀ sí èyí tó gba inú ènìyàn. Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn bàbá wa ti wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn ò fi kún un ni pé bí gbogbo ọ̀nà bá tilẹ̀ wọjà, ẹrù tó ṣẹ́kù lórí ẹni nígbà tí a bá débẹ̀ kì í ṣe ọgbọọgba. Ẹni tó gba ọ̀nà iná dé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ẹni tó gba ọ̀nà ara ṣì lè rí nǹkan fi tẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀rọ̀ ibi tí agbára ẹsẹ̀ yẹn ti ń wá ti kó àwọn ọlọ́gbọ́n sí wàhálà rí. Ní Jámánì, ọ̀gá onímọ̀ kẹ́mísírì kan wà tó ń jẹ́ Justus von Liebig, tí gbogbo Yúróòpù ń gbọ́ tirẹ̀. Ní 1842 ó kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣan fúnra rẹ̀ ni iṣan ń jẹ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ agbára, purotéènì ni kí ó jẹ, kí ó jẹ ẹran; ti ṣúgà àti ọ̀rá, kí wọ́n kàn mú ara gbóná ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Àwọn ọlọ́lá tẹ́wọ́ gbà á, torí àwọn ló ń rí ẹran jẹ, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ ọlọ́lá tó kí a sọ fún un pé ohun tó wà nínú àwo rẹ̀ ló ń gbé ayé ró. Bẹ́ẹ̀ rèé, àwọn tó ń ro oko wọn, tó ń ru ẹrù wọn, búrẹ́dì gbígbẹ àti ọ̀dùnkún ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ àwọn wọ̀nyẹn, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ẹni tó ń fi ọ̀dùnkún ṣayé ti ń rí okun tó fi ń ru àpótí ẹni tó ń jẹ ẹran. Ní 1865 wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lórúkọ Liebig. Ní Fray Bentos, lórílẹ̀-èdè Urugúáì, ni wọ́n ti ń se ẹran màlúù títí omi rẹ̀ á fi ki, wọ́n á rọ ọ́ sínú ohun èlò kéékèèké, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń wá agbára kiri.

Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Zürich, nílẹ̀ Swítsálandì, tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 40, pinnu láti fi ẹsẹ̀ ara wọn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Adolf Fick ni èkíní, Johannes Wislicenus ni èkejì. Wọ́n wá òkè kan tí wọ́n ń pè ní Faulhorn, tí ilé ìtura wà lórí rẹ̀ (mo fẹ́ràn apá yẹn; ọlọ́gbọ́n kì í gun òkè tí kò ní bẹ́ẹ̀dì lórí). Láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti kó ara wọn ní ìjánu kúrò nínú ẹran àti gbogbo ohun tó ní purotéènì. Àkàrà tí wọ́n fi sítáàṣì pò, tí wọ́n fi ọ̀rá dín, ni wọ́n ń jẹ, tíì tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń tì í lọ. Bí o bá ti rí sítáàṣì tí ìyá rẹ ń pò láti fi mú kí kọ́là aṣọ dúró ṣánṣán, o ti mọ irú oúnjẹ tí mò ń wí. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹjọ, wọ́n gbéra létí adágún Brienz, wọ́n sì gun òkè náà títí wọ́n fi fi mítà 1,956 ga ju ibi tí wọ́n ti gbéra lọ. Gbogbo ìtọ̀ tí wọ́n tọ̀ lọ́nà, inú ìgò ni wọ́n ń tọ̀ ọ́ sí, wọn ò jẹ́ kí ẹ̀kán kan bọ́ sílẹ̀. Fojú inú wo ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, tí ń pọ́n, tí ń dúró, tí ọ̀kan ń di ìgò mú fún èkejì nítorí ìmọ̀.

Ìtọ̀ náà ní ìtumọ̀ o. Náítírójìn tó wà nínú purotéènì, bí ara bá ti jó o tán, inú ìtọ̀ ló ń bá jáde, ẹni tó bá sì ti wọn náítírójìn inú ìtọ̀ ti mọ iye purotéènì tí ara lò. Ó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 37 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ní ti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ìyẹn kò ṣòro: Fick wọn kílò 66, ẹni tó bá sì gbé kílò 66 dé ibi tó ga ní mítà 1,956 ti ṣe iṣẹ́ tó tó kìlójúùlù 1,266, ìbáà jẹ́ ara òun fúnra rẹ̀ ló gbé, ìbáà jẹ́ sìmẹ́ńtì. Ohun tó kù ni kí á mọ iye agbára tó wà nínú purotéènì gíráàmù 37. Àna Fick ló bá wọn yanjú ìyẹn, Edward Frankland ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó fẹ́ arábìnrin rẹ̀. Ní 1866 ó jó purotéènì nínú ohun èlò tó ń wọn ooru, ó sì rí i pé gbogbo agbára inú gíráàmù 37 yẹn, bí a bá tilẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ di iṣẹ́ pátápátá tí eépìnnì kan ò sọnù, ìwọ̀nba díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì iṣẹ́ tí Fick ṣe. Ìyẹn ni pé bí ó bá jẹ́ ẹran ara wọn ló gbé wọn, agbedeméjì òkè ni ì bá já wọn sí, wọn ì bá sì sùn síbẹ̀. Sítáàṣì, ṣúgà àti ọ̀rá ló gun Faulhorn.

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà ṣe fọ́ nìyẹn. Ṣé wọ́n wá ṣíwọ́ omi ẹran títà bí? Rárá o, ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tà ni. Òtítọ́ dé ọjà lóòótọ́, owó ni kò rí ná.

Ibi tí ìṣírò wa gan-an ti wá, ìlú New Haven ní Amẹ́ríkà ni, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Josiah Willard Gibbs. Ó kọ́ni ní Yale fún bí ọdún mẹ́sàn-án láì gba kọ́bọ̀. Bàbá rẹ̀ ti fi ogún sílẹ̀ fún un, kò gbé ìyàwó, ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni òun àti arábìnrin rẹ̀ àti ọkọ arábìnrin náà jọ ń gbé. Ìgbà tí yunifásítì mìíràn wá ń fẹ́ ẹ ni Yale ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó yẹ kí àwọn máa sanwó fún un. Láàárín 1876 sí 1878 ó tẹ iṣẹ́ gígùn kan jáde nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé Connecticut, tí àwọn tó kà á kò pọ̀, tí àwọn tó yé sì kéré sí ìyẹn. Ohun tó wà níbẹ̀, bí mo bá yọ ọ́ kúrò nínú èdè ìṣírò, kò le. Ó ní bí nǹkan bá ń yí kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn, tí a sì fẹ́ mọ iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ tí a lè rí gbà lára rẹ̀, kí á má ka ooru tó mú jáde nìkan. Kí á tún wo bó ṣe fọ́nká sí. Ayé fẹ́ràn ohun tó ń fọ́nká. Bí nǹkan bá ń tú ká sí i, ayé á fún un ní èènì, bí ó bá sì ń ṣù jọ, ayé á gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀.

Gúlúkóòsì ṣù jọ. Kábọ́ọ̀nù mẹ́fà ló so mọ́ra nínú ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, háídírójìn àti ọ́síjìn sì rọ̀ mọ́ wọn lára. Nígbà tó bá tú tán, tó di omi àti afẹ́fẹ́, ó ti fọ́nká ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ayé sì fún un ní èènì tirẹ̀. Nítorí náà iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ nínú gíráàmù 180 kì í ṣe 2,800 mọ́, ó di nǹkan bí kìlójúùlù 2,870. Ó jọ irọ́, àbí? Iṣẹ́ tó ju ooru lọ. Ṣùgbọ́n èènì náà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ooru àyíká ni ó fà á yọ, bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ kí á ṣe é. Pín in sí ọ̀nà 180, wàá rí i pé gíráàmù kan ní iṣẹ́ bíi kìlójúùlù 16 nínú. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, gíráàmù 79 péré ni Fick nílò láti dé orí Faulhorn, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá kílò. Ìkúnwọ́ ṣúgà kan, òkè ńlá kan.

Dúró ná o, má tíì lọ gbé agolo. "Tó pọ̀ jù lọ" ni mo wí, inú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ni gbogbo ìjọ̀ngbọ̀n wà.

Ìwọ náà mọ bí ilẹ̀ títà ṣe rí. Ẹni tí owó ọsibítù ká mọ́, tó fẹ́ gbowó kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdajì iye rẹ̀ ni wọn yóò kà sí i lọ́wọ́, yóò sì tún dúpẹ́. Ẹni tó lè dúró, tí kò bìkítà bó tà á lónìí bó tà á lẹ́ẹ̀mìíràn, òun ló ń súnmọ́ iye tó tọ́. Bí ó bá sì wá le koko, tó ní kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ dín, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí ìwé. Bí ìṣírò Gibbs ṣe rí gan-an nìyẹn. Kìlójúùlù 2,870 wà níbẹ̀ fún ẹni tí kì í kánjú rárá, ẹni tó jẹ́ kí ohun tó ń tì àti ohun tí à ń tì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní gbogbo ìgbésẹ̀, débi pé bí a bá kàn fi ìka kan án, á padà sẹ́yìn. Bí a bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru là ń fi san owó ìyára náà, kò sì sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ lòun máa gbà kò ní débi tó ń lọ. Fick ì bá ṣì wà létí adágún Brienz dòní, pẹ̀lú ìgò rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àwọn tí kò lè dúró kí ọbẹ̀ tutù, n kò sì tíì rí ohun tó tẹ̀lé e láìyẹsẹ̀ tó ṣúgà.

Ara ènìyàn kò ka ìwé Gibbs, ṣùgbọ́n kò ṣàìmọ ohun tó wà níbẹ̀. Kì í dá iná sun gúlúkóòsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbésẹ̀ kéékèèké ló ń gbà tú u, ó tú eléyìí, ó yí tọ̀hún padà, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ́ kí ó rí nǹkan bù pamọ́. Ohun tó ń fi bù pamọ́ ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ATP. Nínú gúlúkóòsì kan, ó ń rí bí ATP ọgbọ̀n kó jọ, àpapọ̀ iṣẹ́ tó wà nínú wọn, bí nǹkan ṣe rí nínú sẹ́ẹ̀lì, sì ń lọ sí nǹkan bí 1,500 nínú 2,870. Ó lé ní ìdajì. Nínú àwọn ẹ̀rọ ọwọ́ ènìyàn tó ń jó epo, èyí tó lè fọ́nnu pẹ̀lú irú iye bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Bí ara ṣe ń kó ATP náà jọ, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Mitchell, ló rí i. Ní 1961 ó ní ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì ń ti ẹ̀là háídírójìn sí ẹ̀gbẹ́ kan awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nínú rẹ̀, tí àwọn yẹn sì ń wá ọ̀nà padà, ibi tí wọ́n bá gbà padà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àìlera mú kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh sílẹ̀, ó lọ tún ilé àlàpà ńlá kan kọ́ ní Cornwall, ó sọ ọ́ di ilé ìwádìí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ní 1978 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel, àwọn tó fi í ṣẹ̀fẹ̀ sì wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́. Lónìí a mọ̀ pé ibi tí háídírójìn ń gbà padà yẹn ní ẹ̀rọ kékeré kan, ó sì ń yí gidi, yíyí bí ohun tó ń yí, nínú ìwọ tó ń kà mí yìí.

Láti orí ATP, iṣan náà tún ní láti gba tirẹ̀, ìjáfara ò sì sí fún ẹni tó ń gun òkè, nítorí náà ìdajì tún sọnù síbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, nínú mẹ́rin tí Gibbs kà, bí ọ̀kan ló ń di iṣẹ́ ẹsẹ̀. Ìyẹn ni pé Fick, tí ìṣírò ní kí ó lo gíráàmù 79, yóò ti lo ju 300 lọ.

Má kẹ́gàn ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn. Bí ó bá jẹ́ bí ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ṣe ń fi ooru ṣiṣẹ́ ni ara wa ń ṣe, èyí tó gbóná ní ìwọ̀n 37 nínú yàrá tó jẹ́ ìwọ̀n 25, òfin ẹ̀rọ olóoru kò ní jẹ́ kí ó rí ju mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kí ó tó lè rí ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n 124, èyí tó ju ti omi híhó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé orí yín gbóná, ẹ kò tíì dé ibì kankan.

Ìdá mẹ́ta tó kù kò sì ṣòfò tán. Òun ló fi ara sí ìwọ̀n 37. Ẹni tó kàn jókòó jẹ́ẹ́, tí kò ṣe nǹkan kan, ń tú ooru jáde tó ti gílóòbù oníwáàtì 100 àtijọ́. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́: nígbà tí àlejò 300 bá kún gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, wáàtì 30,000 ni wọ́n ń dá sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó dìde jó rárá, ìwọ á wá máa bá onígbọ̀ngàn jà pé fáànù rẹ̀ kò fẹ́ dáadáa.

Bí o bá fẹ́ rí ìkánjú gan-an, inú igbá ẹmu ni kí o wò. Ìwúkàrà tó wà níbẹ̀ kò ní ọ́síjìn tí yóò fi tú ṣúgà dópin, ara sì ń kán an. Ó já gúlúkóòsì sí ọtí àti afẹ́fẹ́, ATP méjì péré ni ó mú, ó fò mọ́ òmíràn. Gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú ohun tó ṣe yẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti gúlúkóòsì náà. Ìyókù ṣì wà nínú ọtí tó fi sílẹ̀, àwa àgbààgbà la wá ń jókòó ti àjẹkù rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí à ń pè é ní fàájì. Má sì fi ìwúkàrà rẹ́rìn-ín, torí ìwọ náà ń ṣe é. Ọjọ́ tí ajá bá gbá tẹ̀lé ọ, iṣan ẹsẹ̀ rẹ kò ní dúró de ọ́síjìn. ATP méjì méjì ni yóò máa já gbà, kíá kíá, wàá sì sáré débi tí o kò mọ̀ pé o lè sáré dé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wàá dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wàá máa mí bí ẹni tí wọ́n yọ nínú omi, tí o ń san gbèsè.

Ní ti gúlúkóòsì ọjọ́ ìdánwò, jẹ́ kí n sọ èyí tí ìyá rẹ kò ní sọ fún ọ. Lóòótọ́ ọpọlọ fẹ́ràn ṣúgà, ó ń lo bíi gíráàmù 120 lóòjọ́, ṣùgbọ́n oorun ò dín in kù tó bí o ṣe rò, ìrònú líle ò sì fi bẹ́ẹ̀ fi kún un. Gbogbo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ lákòókò kan kò ju bíi gíráàmù mẹ́rin lọ, ẹ̀kún ṣíbí tíì kan, ara sì ń ṣọ́ iye náà lójú méjèèjì. Èyí tí o bá bù lé e, ẹ̀dọ̀ á gba díẹ̀ pamọ́, iṣan á gba díẹ̀, bí ààyè ò bá sí mọ́, á di ọ̀rá, á sì wá ibi rọra jókòó sí lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ. Ẹni tí kò ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ni ṣúgà fẹ́ bá a gbé lọ sí ọpọlọ?

Ó ku ìṣírò kan tí mo fẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ ṣe. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ parí ní 1965, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn tí Fick gun òkè tirẹ̀. Alájà 26 ni, ó ga ní mítà 105. Bí ẹni tó wọn kílò 70 bá fi àtẹ̀gùn gùn ún láti ìsàlẹ̀ dókè, iṣẹ́ tó ṣe jẹ́ kìlójúùlù 72. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kì í kánjú bí Gibbs ti fẹ́, gíráàmù mẹ́rin ààbọ̀ ti tó o, ẹyọ ṣúgà onígun mẹ́rin kan. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn bíi tèmi tìrẹ, yóò lọ sí nǹkan bíi gíráàmù 18. Ìgò mínírà kan sì wà tí ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 35, tí o lè fa tán kí ọkọ̀ tó kún ní gáréèjì. Ìyẹn ni pé kí o tó lè sọ pé o ti lo ìgò kan tán, Ilé Kòkó lẹ́ẹ̀mejì ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀, láì wo ẹ̀rọ agbéniròkè. Èmi sì mọ̀ ọ́. Àjà kẹrin ni wàá ti yà jókòó, wàá ya fọ́tò ara rẹ pẹ̀lú òógùn lójú, wàá sọ̀ kalẹ̀ padà sí Dùgbẹ̀, mínírà tútù méjì ni wàá sì rà, ọ̀kan fún òùngbẹ, ọ̀kan fún làálàá tí o ṣe.